Kí Ni Oyin Ń Ṣe Nínú Ọṣẹ?

Ẹ gbé ọṣẹ àfọwọ́ṣe kan lọ́jà lónìí, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Oyin wà níbẹ̀, òrí wà níbẹ̀, osùn, ìbẹ́pẹ, kárọ́ọ̀tì, kùkúmbà, àtalẹ̀ pupa, kọfí, ewé dóńgóyárò, omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹni tó ṣe é á fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí kẹ́míkà kankan nínú rẹ̀, pé inú oko ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Inú oníbàárà á dùn, á sì san owó tó ju ti ọṣẹ ilé-iṣẹ́ lọ fíìfíì. Èmi náà fẹ́ràn ọṣẹ àfọwọ́ṣe, òun ni mo fi ń wẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi àwọn tó ń ṣe é: iṣẹ́ wo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn nǹkan wọ̀nyí ń ṣe nínú ọṣẹ yín? Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í rí èsì fọ̀.

Ohun méjì ní í di ọṣẹ: ọ̀rá àti álíkálì. Ìyókù, àfikún ni. Michel Chevreul, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké nínú ìwé tó gbé jáde ní 1823. Bí álíkálì bá wọnú ọ̀rá, ọ̀rá a pín sí méjì. Apá kan a di ọṣẹ, èkejì a di glisẹ́rìnì. Kọ́sítíìkì sódà ni álíkálì tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò, òun ló ń mú kí ọṣẹ wọn le gbandi. Eérú ni àwọn ìyá wa ń lò ní tiwọn: eérú èèpo kòkó, ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ti ìdì ẹyìn tí wọ́n ti yọ ẹyìn kúrò lára rẹ̀. Pòtásíọ̀mù ló pọ̀ nínú irú eérú bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọṣẹ dúdú fi ń rọ̀, tó sì máa ń fa omi mọ́ra bí a bá ṣí i sílẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, ka ọṣẹ ṣíṣe mọ́ iṣẹ́ àwọn obìnrin, bí aró rírẹ àti epo ṣíṣe.

Ní àdúgbò kan ní Ìbàdàn, mo jókòó ti ìyá àgbà kan tó ń se ọṣẹ. Eérú rẹ̀ wà nínú ajere, omi tó ń kán láti ibẹ̀ sínú agbada ìsàlẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Àdín ti gbóná nínú ìkòkò. Ó ń bu omi eérú náà sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọmọrogùn rò ó, kò sì kánjú. Nígbà tó ki, tó dúdú, ó he bíńtín nínú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó wọ́n omi sí i, ó fi ọwọ́ kejì rà á. Ó hó. Ó wò ó bóyá epo léfòó lórí omi náà, epo kankan kò léfòó. Ó wá fi ṣónṣó ahọ́n kàn án, ó sì tutọ́ sílẹ̀.

“Kò ta mọ́,” ló wí.

“Màmá, ẹ ò ní fi oyin sí i?”

Ó wò mí tòkè-tilẹ̀. “Ọmọ mi, ọṣẹ lo rí yìí àbí ọbẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ oyin, kó ra ọṣẹ, kó ra oyin, kó lọ pò ó nílé ẹ̀. Wọn kì í da oyin sínú iná ọṣẹ.”

Ọ̀rọ̀ tí ìyá yìí fi ṣe yẹ̀yẹ́ mi, òye ńlá wà nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi ewé, egbò àti èèpo igi sí ọṣẹ, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà sè é mọ́ ọṣẹ. Ọṣẹ tó ti jinná ni wọ́n ń rà lọ́jà. Wọn a kó ewé sínú odó, wọn a gún un kúnná, kí wọ́n tó wá gún ọṣẹ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ṣí ìwé Ewé tí Pierre Verger gbé jáde ní 1995 yóò rí i lóríṣiríṣi, láti orí ọṣẹ àrùn ara dé orí ọṣẹ àwúre. Gígún yìí kì í ṣe àṣà lásán. Kí ọṣẹ tó jinná, omi eérú ṣì lágbára. Ó lè bó awọ ọwọ́, ewé tútù kò sì tó nǹkan lójú rẹ̀. Nígbà tó bá ti bá ọ̀rá jà tán, agbára rẹ̀ rọ̀. Ìgbà yẹn ni àkókò tó wọ̀ fún àfikún.

Ẹ jẹ́ ká mú díẹ̀ nínú àwọn àfikún náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òrí níṣẹ́ tó ń ṣe. Bí a bá ní 100 gíráàmù àdín, kọ́sítíìkì tó tó gíráàmù 17 sí 18 ni yóò sọ gbogbo rẹ̀ di ọṣẹ. Iye òrí kan náà kò gbà ju nǹkan bíi 13 lọ. Nítorí náà, ẹni tó fi òrí rọ́pò àdín láìdín kọ́sítíìkì kù ti se ọṣẹ tí yóò máa ta ni lára. Nínú òrí, apá kan wà tí kì í di ọṣẹ rárá, ó sì pọ̀ ju ti epo pupa lọ. Apá yìí wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ara gbẹ lẹ́yìn ìwẹ̀. Bí a bá da òrí sí ìkòkò láti ìbẹ̀rẹ̀, álíkálì á jẹ ẹ́ bó ti ń jẹ àdín. Bí a bá fi í sí i nígbà tí ọṣẹ ti jinná, odindi ni yóò wà.

Oyin náà níṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń kéde rẹ̀. Ṣúgà inú rẹ̀ ń ran ọṣẹ lọ́wọ́ láti hó. Ṣíbí ìpotíì kan tó fún ìdajì kílò ọ̀rá. Bó bá pọ̀ jù, ọṣẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì á gbóná kọjá ààlà, á wú, á sì ya kúrò nínú ike. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Osùn ń fún ọṣẹ ní àwọ̀, àwọ̀ náà kì í sì yòrò sínú omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú álíkálì ó máa ń ṣókùnkùn lọ sí àlùkò. Ẹni tó bá fi omi zobo po kọ́sítíìkì ń retí pupa, àmọ́ àwọ̀ ewé ló máa kọ́kọ́ rí, kó tó di àwọ̀ ẹrẹ̀. Àtalẹ̀ pupa, tó jẹ́ pé pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè ló ń pọ́n, á ṣú di pupa. Ìbẹ́pẹ ní èròjà kan nínú tó ń jẹ́ papain, òun ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ fi ìbẹ́pẹ pa ojú. Irú purotéènì ni, kọ́sítíìkì á sì ti bà á jẹ́ kí ọṣẹ tó dì. Kùkúmbà, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá rìn tútù sínú ọṣẹ lè rà níbẹ̀. Orúkọ lásán ni méjèèjì yìí ń jẹ́ lára páálí.

Àsunwọ̀n òyìnbó yàtọ̀. Làpálàpá ni àwọn àgbà ń fi ewé rẹ̀ wò, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sì ti rí i pé àwọn èròjà inú rẹ̀ ń bá irú olú tó ń fa làpálàpá nínú awọ ara jà. Ẹni tó bá gún un mọ́ ọṣẹ mọ ìdí tó fi ṣe é. Síbẹ̀, ọṣẹ kì í pẹ́ lára kí omi tó ṣàn án lọ. Ẹni tí làpálàpá ń yọ lẹ́nu ní láti jẹ́ kí ìfóòfó náà dúró lára díẹ̀ kó tó ṣàn án nù.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń bí mi nínú jù. Ásíìdì ni omi rẹ̀. Tó bá bá álíkálì pàdé, wọ́n á pa ara wọn. Kíkan rẹ̀ á lọ, apá kan kọ́sítíìkì náà á sì ṣòfò, ọ̀rá tí kò di ọṣẹ á wá pọ̀ jù. Àwọn kan máa ń fún un lé ọṣẹ tó ti jinná lórí, wọ́n á ní ó ń mú ara dán. Ṣùgbọ́n bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ bá wà lára, tí oòrùn sì pa á, ara lè jóná, kó lé ròrò, kí àpá rẹ̀ sì dúró pẹ́. Inú oko lọsàn náà ti wá o. Inú oko ni eérú náà ti wá, ó sì ń bó ọwọ́.

Ìdí nìyí tí gbólóhùn “kò sí kẹ́míkà” kò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Omi eérú, kẹ́míkà ni. Ọṣẹ fúnra rẹ̀, kẹ́míkà ni. Èyí tó burú jù ni pé lẹ́yìn orúkọ oyin, òrí àti kárọ́ọ̀tì ni àwọn kan ń fi mẹ́kúrì, hydroquinone àti steroid pamọ́ sí, kí ara oníbàárà lè tètè bó. Mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 2023, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, kéde ara bíbó gẹ́gẹ́ bí ewu pàjáwìrì fún ìlera ilẹ̀ wa. Bí orúkọ èso bá ti pọ̀ jù lára páálí, ojú ni kí ẹ là.

Ọṣẹ dúdú kò nílò ariwo yìí láti níyì. Láti Èkó ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé e lọ sí Bahia ní Bùràsíìlì láyé àtijọ́, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní sabão da costa. Àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà níbẹ̀, tí wọ́n ń pe ẹ̀sìn wọn ní Candomblé, ṣì ń fi í wẹ̀ títí dòní. Ọṣẹ tó jinná dáadáa ni wọ́n ń wá.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa ṣe ọṣẹ nílé, ẹ kọ́kọ́ kọ́ èyí tí kò ní àfikún kankan nínú. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọn ọ̀rá, ẹ fi wọn kọ́sítíìkì, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi nǹkan bo ojú, kọ́sítíìkì ni kí ẹ sì máa dà sínú omi, ẹ má ṣe da omi lé e lórí. Bí ọwọ́ yín bá ti dá a mọ̀, ẹ fi ohun kan ṣoṣo kún un, kí ẹ lò ó fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ mọ ohun tó ṣe kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rà á, ẹ bi ọlọ́ṣẹ yín léèrè iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun tó kọ sára páálí ń ṣe. Èyí tí kò bá lè sọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má sanwó lé e.