Ọjà jóná, ohùn sọnù: Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ìyá Aláṣọ Òfì ti lọ rí orin

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, tí iná jó ọjà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Akẹ̀sán, ọjà ọba tó wà nítòsí ààfin, ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí iná tó dé. Ìyá aláṣọ òfì kan ní ìsọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Olórin. Kì í ṣe pé ó gbé àwo jáde rí o. Ohùn ló ní. Tí ẹgbẹ́ bá pàdé, òun ni í dá orin, àwọn yòókù á máa gbè é. Kò sí àwo Odòlayé Àrẹ̀mú ará Ìlọrin tí kò mọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kó gbàgbé ọbẹ̀ tó gbé ka iná, ẹ sáà ti jẹ́ kó gbọ́ ìjálá Ògúndáre Fọ́yánmu, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́.

Eérú ló bá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òfì tí wọ́n ti san ìdajì owó rẹ̀ fún ìgbéyàwó kan, iná ti jó o. Èyí tó gbà láwìn lọ́wọ́ baba ahunṣọ, iná ti jó o. Owó èsúsú tó kó lóṣù Kejìlá, ọjà ló fi rà, iná ti jó ìyẹn náà. Gèlè orí rẹ̀ ló kù, àti gbèsè.

Kò sunkún. Ìyẹn gan-an ló ba àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́rù. Tí wọ́n bá kí i, á ní "Ẹ ṣé," ó parí. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ó di mẹ́ta, ohùn tí í dá orin ẹgbẹ́ kò jáde mọ́. Ni àbúrò rẹ̀ tó wà nílé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá wá mú un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní jókòó síbí kẹ́ ẹ máa wo eérú. Ẹ káṣọ, ká lọ."

Wọ́n wọ mọ́tò. Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ rí mọ̀ pé kò sáyè àròkàn níbẹ̀: tírélà ń bọ̀ níwájú, kòtò ń bẹ lábẹ́ táyà, olúwarẹ̀ á máa pe Ọlọ́run ni.

Nílé àbúrò yìí, wọ́n háyà yàrá bíi mẹ́rin fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá. Ọ̀kan nínú wọn ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé fóònù lé orí odi, orin ń dún níbẹ̀. Gìtá ni ìyá kọ́kọ́ gbọ́, gìtá jẹ́jẹ́, bí ti ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan wọlé. Yorùbá ni, ó mọ́ kedere, kò kánjú, kò sì pe orúkọ olówó kankan. Ìyá dúró pẹ̀lú kẹ́tùlù lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, ta ló ń kọrin yẹn?"

"Beautiful Nubia ni, Mà."

"Bíútí kí ni? Àbí òyìnbó ló ń sọ Yorùbá báyìí?"

Ọmọ náà nu ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ nù, ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí i (wọ́n kọ́ ọ nílé), ó wá ṣàlàyé. Ṣẹ́gun Akínlolú lorúkọ ọkùnrin náà. Dókítà ẹranko ni, kó tó gbájú mọ́ orin pátápátá. Roots Renaissance Band ni wọ́n ń pe àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré. Ọdún 1997 ni àwo àkọ́kọ́ rẹ̀, Seven Lifes, jáde.

Ìyá pàtẹ́wọ́. "Ọdún 1997! Níbo ni mo wà?" Ọmọ tó ń ṣàlàyé gan-an, wọn ò tíì bí i lọ́dún náà.

Àmọ́ nígbà tó gbọ́ pé Òwúrọ̀ Lọjọ́ ni àkọlé orin tó ń dún lọ́wọ́, ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní, "Kó lọ kọ ìyẹn fún ẹ̀yin ọmọdé. Èmi ti lé lẹ́ni ọdún 55, ìsọ̀ mi jóná. Òwúrọ̀ wo ló kù fún mi?"

Ọmọ náà wolẹ̀, kò mọ ohun tí yóò sọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Màmá, ẹ ẹ̀ bínú o. Ṣebí ẹ jí láàárọ̀ yìí?"

Ìyá ò dá a lóhùn, ó gbé kẹ́tùlù rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ó gbé ìgbálẹ̀, ó ń gbá abẹ́ fèrèsé ọmọ yìí. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà. Àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí mo ti gbá tán lẹ tún ń gbá?" Tàbúrò yìí, kò fẹ́ràn orin náà. Ó ní orin tí èèyàn kò lè fi ṣe fàájì nínú agbádá àti gèlè, kí ni wọ́n ń fi ṣe? Ẹ̀gbọ́n ní kó fetí sílẹ̀ dáadáa, kó gbọ́ ìlù tó wà lábẹ́ gìtá yẹn, pé ẹni tó ń lù ú kò fi tipátipá lù ú ni. Ọ̀rọ̀ náà di iyàn, wọ́n fa iyàn ọ̀hún títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó pẹ́ tí ìyá ti bá ẹnikẹ́ni jiyàn kẹ́yìn.

Nígbà tí yóò padà s'Ọ́yọ̀ọ́, ọmọ náà fẹ́ da àwọn orin yìí sínú mẹ́mọ́rì káàdì fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá bi í pé èló ni yóò kan ẹni tó kọ ọ́. Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò sóhun tó máa kàn án, Mà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe é." Ó tún ṣàlàyé pé kò sí ilé iṣẹ́ ńlá kan lẹ́yìn ọkùnrin yìí, Ẹniọbáńkẹ́ tó ń gbé orin rẹ̀ jáde, tirẹ̀ ni. Ìyá ní, "Á jẹ́ pé òun ló hun ún, òun náà ló ń tà á. Tó o bá wá kó ọjà rẹ̀ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, kí lo fi yàtọ̀ sí iná Akẹ̀sán?" Ó tú ìdí ìró, ó fún ọmọ lówó pé kó bá òun ra Irin Ajo, àwo tó jáde ní 2009. Obìnrin tó jẹ gbèsè títí dé ọrùn o! Àbúrò rẹ̀ ká apá lérí.

Nígbà tó délé, ilé baba ahunṣọ ló kọ́kọ́ lọ, ní ìdájí. Baba rò pé owó ló mú wá. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun ò tíì lówó lọ́wọ́, aṣọ mìíràn lòun tún wá gbà láwìn, kí òun lè rí ti ìyàwó san. Baba dákẹ́ títí. Ó bi í pé kí ló ń dún lápò rẹ̀. Fóònù ni, ìyá ti gbàgbé láti pa á. Nígbà tó fẹ́ pa á, baba ní kó fi í sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹni yìí mọ nǹkan hun." Ìdì mẹ́ta ló gbé fún un. Bóyá orin ni, bóyá àánú ni, baba nìkan ló mọ̀.

Kòrónà tó ba ọjà ọlọ́jà jẹ́, ó ṣe ìyá yìí lóore kan. Lóṣù Kẹta, wọ́n fòfin de àpèjẹ, ni wọ́n bá sún ìgbéyàwó ọ̀hún síwájú. Iwájú ilé ló ti ń tajà, ó ń san díẹ̀díẹ̀ fún baba, ó ń kó aṣọ ìyàwó jọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó mìíràn, gbogbo rẹ̀ ti pé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, ìyá ìyàwó ní ẹni tó gbé òfì wá ni kó dá orin. Ohùn ìyá ti há díẹ̀. Òwúrọ̀ Lọjọ́ ló dá. Àwọn ẹgbẹ́ ń wo ara wọn lójú, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gbè. Ó dá orin dúró, ó ní kí wọ́n sún mọ́ òun, ó kọ́ wọn ní ègbè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀.