Wọ́n Yà Á ní Sùúrùlérè, Sùúrùlérè Kò Rí I Wò

Ọ̀rọ̀ kan wà tí púpọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù wo fíìmù ti bá pàdé: "Fídíò yìí kò sí ní orílẹ̀-èdè rẹ." Bí dátà bá tán, èèyàn lè ra òmíràn. Bí iná bá lọ, a ó dúró títí wọn yóò fi mú un dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò béèrè owó, kò sì ní kí a dúró. Ohun tó ń sọ ni pé ibi tí a jókòó sí ni ẹ̀ṣẹ̀ wa.

Fíìmù kì í ṣe àjèjì ní Sùúrùlérè. Gbọ̀ngàn Tíátà Àpapọ̀ tí wọ́n kọ́ fún FESTAC ọdún 1977 wà nítòsí wa ní Ìgànmú, àwọn òṣèré àti àwọn tó ń ṣe fíìmù sì ti ń pàdé ní àdúgbò wa kí wọ́n tó bí mi. Ní ọdún tó kọjá, àwọn kan wá ya fíìmù Yorùbá ní òpópónà wa ní Àgúdà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń bẹ gbogbo ilé pé kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Ìyá Àgbà, tó bí màmá mi, jẹ́ aránṣọ. Ó yá wọn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n tilẹ̀ ní kí òun fúnra rẹ̀ jókòó sídìí máṣíìnì kí ó máa ránṣọ lọ nígbà tí àwọn òṣèré ń sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bi mí léèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé, "Fíìmù wa ò tíì jáde ni?"

Nígbà tó jáde, àǹtí mi tó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́kọ́ rí i. Ó pè ní alẹ́ Sátidé kan, ó ń pariwo: "Màámi, mo rí yín o! Gèlè búlúù yẹn lẹ wé!" Ìyá Àgbà ní kí n bá òun wá a kíákíá. Mo wá a. Ọ̀rọ̀ kan náà ló jáde: kò sí ní orílẹ̀-èdè wa. Òkè òkun nìkan ni ilé-iṣẹ́ tó rà á ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún. Àǹtí ní òun yóò kọjú fóònù òun sí tẹlifíṣọ̀n kí Màmá lè máa wò ó. Ìyá Àgbà kọ̀. Ó ní, "Ṣọ́ọ̀bù tí mo ń fọwọ́ ara mi ṣí láràárọ̀, ṣé ojú fèrèsé ẹlòmíràn ni n ó ti máa yọjú wò ó?" Ló bá yí ọ̀rọ̀ padà, ó béèrè bóyá ara àwọn ọmọ le.

Mo wádìí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Fóònù tó bá wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní àdírẹ́sì IP. Nọ́ńbà yìí ni ilé-iṣẹ́ náà ń wò láti mọ orílẹ̀-èdè tí a wà, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wo ohun tí ìwé àdéhùn sọ. Ẹ̀tọ́ láti fi fíìmù hàn dà bí ilẹ̀ tí wọ́n gé sí plọ́ọ̀tì. Ẹnì kan lè ra ti Ìlú Ọba, ẹlòmíràn lè ra ti Amẹ́ríkà, kí ti Nàìjíríà sì wà nílẹ̀ láìsí ẹni tó rà á. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Nígbà tí DVD lòde, wọ́n pín ayé sí ẹkùn 6: Amẹ́ríkà wà ní ẹkùn 1, Ìlú Ọba wà ní 2, àwa wà ní 5, ẹ̀rọ ẹkùn kan sì lè kọ díìsìkì ẹkùn mìíràn. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016 ni Netflix dé Nàìjíríà, síbẹ̀ fíìmù tó wà lórí rẹ̀ níbí yàtọ̀ sí tàwọn orílẹ̀-èdè mìíràn.

N kò ní bú ẹni tó ta fíìmù náà. Àwọn òṣèré gbọ́dọ̀ jẹun, pọ́n-ùn tí àǹtí mi ń san lóṣooṣù sì ju náírà tí púpọ̀ nínú wa lè san lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Amazon Prime Video kéde pé òun kò ní máa náwó sórí fíìmù tuntun ní Áfíríkà mọ́. Ẹni tó bá wá rí oníbàárà ní òkè òkun lásìkò yìí, kò ní jẹ́ kó lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ yóò wá ọ̀nà mìíràn wọlé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo VPN, tó ń mú kí fóònù tó wà ní Èkó dà bí èyí tó wà nílẹ̀ òkèèrè. Wọ́n ṣí Twitter padà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, àmọ́ ìmọ̀ náà kò lọ. Àwọn mìíràn ń ra ayédèrú fíìmù tí wọ́n kó sínú mẹ́mórì, ẹni tó ṣe fíìmù kò sì rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ìyá Àgbà tó fẹ́ sanwó, tó sì ní owó lọ́wọ́, kò rí ẹni tí yóò san án fún. Òun pàdánù, ẹni tó ṣe fíìmù náà pàdánù.

Kò sì pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni Aníkúlápó, fíìmù Kunle Afolayan, jáde lórí Netflix ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Lónìí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá ló ń gbé iṣẹ́ wọn sórí YouTube fúnra wọn. Ìpolówó tí wọ́n ń wò ní Amẹ́ríkà máa ń mówó wá ju tiwa lọ, YouTube sì gba olówó fíìmù láyè láti yan orílẹ̀-èdè tí yóò ti rí i, síbẹ̀ wọn kò tìtorí ìyẹn ti ilẹ̀kùn mọ́ wa.

Àbá tèmi kò le. Kí ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀tọ́ fíìmù rẹ̀ fún òkè òkun kọ ọ́ sínú àdéhùn pé, bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò ra ti Nàìjíríà, òun lè gbé e síta níbí fúnra òun, ì báà jẹ́ lórí YouTube tàbí nínú gbọ̀ngàn àdúgbò. Àwa tí a ń yá wọn ní ilé àti ṣọ́ọ̀bù náà sì ní ọ̀rọ̀ tiwa láti sọ. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá wá bẹ̀ wá pé kí a pa jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi wọ́n pé: níbo ni àwa náà yóò ti rí i wò?