Gbèsè Lórí Tábìlì

Gbèsè tó bá wọ ìyá aláta lọ́rùn ní ọjà Mile 12 kì í dá wọlé. Ẹ wo àpò tó so mọ́ ìbàdí. Káàdì owó gbọ́mú-lé-lántà wà níbẹ̀, ju ẹyọ kan lọ, wọ́n ti rọ̀ bí àkísà, omi tòmátì ti kun wọ́n létí, bírò pupa sì wà níbi ọ̀sẹ̀ tí kò rówó san. Lọ́jọ́ ìsanwó, bí owó ẹnì kan kò bá pé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ yáwó kò ní dìde kúrò níbi ìpàdé. Ojú tí wọ́n fi ń wò ó nígbà náà, ó máa ń ro mí lára.

Fóònù ló tún le jù. Ìyá náà ti yá owó lórí áàpù láti fi san ti káàdì, ọjọ́ pé, kò rí i san. Ni àwọn tó ni áàpù bá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí pásítọ̀ rẹ̀, sí àna rẹ̀, sí ẹni tó ń kó tòmátì fún un láti Kano, pé olè ni.

Ọkọ̀ tó bàjẹ́ lọ́nà Òkè Ọya ló sábà ń dá gbèsè yìí sílẹ̀. Tòmátì á rà nínú apẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìsanwó kò sì ní yẹ̀. Owó àkọ́yá kọ́ ló ń ri àwọn aláta mọ́lẹ̀, àyákún ni.

Láyé àtijọ́, ológò ni olówó ń rán lọ jókòó sílé onígbèsè, á máa pariwo, á máa pa adìẹ wọn jẹ títí wọn yóò fi san án. Áàpù ti gbé ológò wọ inú fóònù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, FCCPC, àjọ tó ń jà fún oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Opebi, Ìkẹjà, nítorí irú ìwà yìí. Lọ́dún náà kan náà ni FCCPC ní kí gbogbo áàpù ayánilówó wá forúkọ sílẹ̀.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ gbígba onígbèsè nímọ̀ràn kì í kọ́kọ́ wàásù. Ìwé funfun ni yóò tẹ́ sórí tábìlì. Iye tó wọ ọwọ́ onígbèsè gan-an, lápá kan. Èlé àti owó ìtanràn, lápá kejì. Iye tí ọjà ń mú wọlé lọ́sẹ̀, nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni sógùndogójì ti ń hàn kedere. Lẹ́yìn náà ni ìlàjà kàn. Ìjọba Èkó dá Citizens' Mediation Centre sílẹ̀ ní 1999; wọn kì í gba kọ́bọ̀. Wọn yóò pe olówó, alárinà á gbọ́ tọ̀tún tòsì, wọn á jọ dá iye tí apá ká, tọ̀tún tòsì á sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin ìyá wa ní Kétu, Ìkòsí àti gbogbo Kòsọ́fẹ́, ẹ má yáwó san gbèsè mọ́. Ẹ kó káàdì yín jáde sórí tábìlì, kó má ku ẹyọ kan. Ẹ má sì pa àtẹ̀jíṣẹ́ èébú yẹn rẹ́: ẹ̀rí tí ẹ ó gbé lọ bá FCCPC nìyẹn.