Oúnjẹ ilé bàbá àwọn ọmọ mi

Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti gbé àwòrán pierogi síbí làwọn kan ti ń bi mí ní kọ̀rọ̀ pé ṣé mi ò se ọbẹ̀ mọ́ ni. Wọ́n ní ṣé oúnjẹ òyìnbó ni mo fi ń tọ́ ọmọ Yorùbá. Àǹtí mi kan n'Íbàdàn tiẹ̀ pè mí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ tí ò bá mọ àmàlà, báwo ló ṣe máa mọ ilé?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà. Wọ́n mọ̀ ọ́n." Wọ́n sì mọ̀ ọ́n lóòótọ́. A máa ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ àwọn ará wa tó ń tajà ní Warsaw, owó rẹ̀ sì ń dun ni, àmọ́ a ń rà á. Ẹ jẹ́ ká pa ìyẹn tì ná. Ilé méjì làwọn ọmọ yìí ní, mo sì fẹ́ kí wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ méjèèjì.

Łódź là ń gbé, ní àárín gbùngbùn Póláǹdì. Ibẹ̀ ni mo bí àwọn ọmọ mi méjèèjì sí. Èdè ibẹ̀ ni wọ́n fi ń jà, òun náà ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Àmọ́ àwọ̀ ara wọn máa ń ṣáájú wọn dé ibi gbogbo. Lọ́dún tó kọjá, obìnrin tó ń bu oúnjẹ fún wọn nílé-ìwé wo àkọ́bí mi, ó rọra bi í pé ṣé ó lè jẹ gołąbki, àbí kí wọ́n bá a wá nǹkan míì. Gołąbki ni ìrẹsì àti ẹran lílọ̀ tí a fi ewé kábéèjì dì. Obìnrin yẹn ò fi ìkà ṣe é o, ó ń ṣàánú ọmọ ni. Ọmọ ọdún méje dá a lóhùn pé, "Èmi àti Mọ́mì la jọ máa ń dì í nílé." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ orúkọ bàbá ẹ̀.

Ẹ ṣé ẹ rí ìdí tí mo fi ń se é? Wọ́n á máa bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti wá títí ọjọ́ ayé wọn nílùú yìí. Mi ò lè dá ìbéèrè yẹn dúró. Mo lè kọ́ ọwọ́ wọn níṣẹ́.

Ìyá ọkọ mi ló ń se gbogbo ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Babcia làwọn ọmọ ń pè wọ́n, ìyẹn ìyá àgbà. Àìsàn oríkèé ti mú wọn lọ́wọ́, ìka wọn ò ká dáadáa mọ́, wọn ò lè po fúláwà. Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹyin ló mọ̀ ọ́n dín. Ẹ jẹ́ ká fi mọ síbẹ̀. Kò sì sí ìwé kankan tí Babcia kọ ọ́ sí. Tí mo bá bi wọ́n pé ife fúláwà mélòó, wọ́n á ní "na oko", ìyẹn ni pé kí n fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìyá mi gẹ́lẹ́ nìyẹn! Ẹ lọ bi màmá yín pé ṣíbí iyọ̀ mélòó ló ń wọ ẹ̀fọ́ rírò, kí ẹ gbọ́ èsì.

Torí náà wọ́n á jókòó sórí àga nílé ìdáná wa, wọ́n á máa fẹnu darí, èmi àtàwọn ọmọ á máa fọwọ́ ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti pierogi ruskie. Fúláwà, iyọ̀, òróró díẹ̀ àti omi gbígbóná. Omi gbígbóná yẹn ló ń jẹ́ kó rọ̀, kó má ṣagídí tí ẹ bá ń fi igi tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Ẹ pò ó, ẹ bò ó, kó sinmi tó ìṣẹ́jú 30. Ohun tó ń wọ inú ẹ̀ ni pòtétò sísè tí a gún, àlùbọ́sà tí a dín títí tó fi pọ́n, ata dúdú àti twaróg. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín, wàrà ni. Ewé bọmubọmu làwọn Fúlàní wa fi ń mú tiwọn dì, tibí yìí sì ń dì torí pé wọ́n jẹ́ kí mílíìkì rẹ̀ kan. (Ruskie kì í ṣe Rọ́ṣíà o. Ruś ni, ilẹ̀ àtijọ́ kan tí apá tó pọ̀ nínú ẹ̀ ti wà ní Ukraine lónìí. Ẹ má ṣì í pè níwájú Babcia.) Àkọ́bí ló ń fi ẹnu ife gé e róbótó. Àbúrò ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló ń fi ìka tẹ etí ẹ̀ pọ̀. Tí etí yẹn ò bá pa dé, ó máa tú sómi, ẹ ó sì mu ọbẹ̀ pòtétò lálẹ́ ọjọ́ náà.

Placki ziemniaczane ò tiẹ̀ le rárá. Ẹni tó bá ti jẹ òjòjò rí ti mọ̀ ọ́n dé ìdajì. Ẹ rin pòtétò bí ẹ ṣe ń rin ewùrà, ẹ fún omi ẹ̀ dànù, ẹ po ẹyin, àlùbọ́sà àti fúláwà díẹ̀ mọ́ ọn, ẹ dín in. Àwọn kan wà tó ń bu ṣúgà lé e. Ṣúgà! Ọkọ mi wà lára wọn. Mo ti gbàdúrà títí.

Rosół ni ti ọjọ́ Sọ́ńdè: omi adìẹ tó mọ́ gaara, pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì, gbòǹgbò parsley, àti àlùbọ́sà tí a fi iná jó lójú. Wákàtí 3 ló fi ń hó fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, iná ò gbọdọ̀ le. Èmi tí mo dàgbà nílé tí ọbẹ̀ ti ń hó kí aládùúgbò gbọ́! Tó bá di Mọ́ńdè, a da tòmátì sí èyí tó ṣẹ́kù, ó di pomidorowa.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ di gołąbki, Babcia ń wo ọwọ́ mi, wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, wọ́n ní ta ló kọ́ mi. Mo ní ìyá mi ni, l'Óṣogbo. Ewé mọ́ínmọ́ín ni wọ́n fi kọ́ mi, bí a ṣe ń ṣẹ́ ẹ kó má jò, àfi pé ti Póláǹdì, àti ewé àti ohun inú ẹ̀ la jọ ń jẹ. Babcia dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní kí n bá wọn kí ìyá mi.

Alẹ́ 24 oṣù Kejìlá ni Wigilia, oúnjẹ 12, kò sí ẹran. Wọ́n máa ń fi àwo òfìfo kan sílẹ̀ lórí tábìlì fún àlejò tí a ò retí. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ bá wọn jẹun, ojú àwo yẹn ni mo ń wò ṣáá. Ní báyìí, àwọn ọmọ mi ló ń gbé e kalẹ̀, wọ́n á wá máa bi mí pé ta ló ń bọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni żurek. Ìyẹ̀fun ọkà rye lẹ máa pò mọ́ omi àti aáyù nínú ìgò, ẹ ó fi sílẹ̀ fún bí ọjọ́ 4 sí 5 kó kan. Omi kíkan yẹn la fi ń se ọbẹ̀ ẹ̀, pẹ̀lú sọ́séèjì àti ẹyin sísè. Mo gbé ìgò náà sójú fóònù fún ìyá mi, wọ́n ní, "Ṣebí omi ògì nìyẹn." Babcia ní kí n túmọ̀ ẹ̀. Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó ṣàlàyé ògì fún wọn tán, wọ́n sì ti ń bi mí látìgbà náà pé ìgbà wo la máa sè é.

Ìgò kan wà lórí kábọ́ọ̀dù wa báyìí, ọjọ́ kẹta ẹ̀ nìyí. Kékeré ló ń ṣí i láràárọ̀, ó ń gbóòórùn ẹ̀, ó ní, "Kò tíì kan." Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Babcia ń bọ̀ wá tọ́ ọ wò.

Ẹni tó bá mọ ibi tí mo ti lè rí ewé eéran rà ní Yúróòpù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Wọ́n ti ní kí n se mọ́ínmọ́ín fáwọn, oníewé, kì í ṣe ti agolo.