Ẹkúndayọ̀ Phillips àti Ohùn Ọ̀rọ̀ Nínú Orin

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí ń kọ orin fún ijó ballet ní ilẹ̀ Yúróòpù ní ọ̀gá kan tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe àìgbọràn sí. Ẹsẹ̀ oníjó ni ọ̀gá náà. Nígbà tí Tchaikovsky ń kọ orin The Sleeping Beauty, tí wọ́n jó ní Rọ́ṣíà ní ọdún 1890, Petipa tí ó jẹ́ ọ̀gá oníjó ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un bí orin apá kọ̀ọ̀kan yóò ti gùn tó àti bí yóò ti yá tó. Kò sí ìtìjú nínú èyí. Onílù tiwa náà kì í kọjú sí ibòmíràn nígbà tí oníjó bá wà lójú agbo. Ní Èkó, ọkùnrin kan tí a bí ní ọdún 1884 fi orin tirẹ̀ sin ọ̀gá mìíràn, èyí tí ó le ju ẹsẹ̀ oníjó lọ: ohùn tí ó wà lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips ni.

Ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School ní Èkó ni ó lọ. Ní ọdún 1911 ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, sí Trinity College of Music. Ní ọdún 1914 ó di atẹdùùrù àti ọ̀gá àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Krístì ní Màríínà, èyí tí ó padà di Kàtídírà. Ibẹ̀ ni ó wà títí di ọdún 1962. Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni ẹnì kan fi jókòó ti dùùrù kan náà! Ilé ìjọsìn tí a ń wò lónìí ní Màríínà, ọdún 1946 ni wọ́n parí rẹ̀. Ọ̀gá akọrin náà ti lo ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó rí òrùlé rẹ̀.

Ó yẹ kí a rántí bí erékùṣù náà ti kéré tó. Láti Màríínà dé Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹsẹ̀ lásán ni a ó fi rìn ín. Ní apá kan, orin mẹ́rin-mẹ́rin ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń dún pẹ̀lú dùùrù; ní apá kejì, gbẹ̀du ń dún ní Ìgà Ìdúngànràn, orin Ẹ̀yọ̀ sì ń jáde lẹ́nu àwọn tí kò kọ orin sínú ìwé rí. Ẹ tẹ́tí sí orin Ẹ̀yọ̀ dáadáa. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí orin gbé ohùn rẹ̀ sọnù.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Àwọn tí ó túmọ̀ orin mímọ́ sí èdè Yorùbá ka iye sílébù, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà sórí orin òyìnbó bí ó ti wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì gba bẹ́ẹ̀. Èdè Yorùbá kò gbà á. Ọ̀run jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín. Bí orin bá sọ̀kalẹ̀ lórí sílébù kejì, ọrùn ni etí yóò gbọ́, ọmọ kékeré yóò sì máa kọrin pé òun ń lọ sí ọrùn. Ká tilẹ̀ ní orin náà bá ọ̀rọ̀ mu ní ẹsẹ kìn-ín-ní, ẹsẹ kẹta ń bọ̀. Ibi tí orin ti gòkè fún ìyá ní ẹsẹ kìn-ín-ní ni ìyà yóò bọ́ sí ní ẹsẹ kẹta, ìjọ yóò sì kọ ọ́ tọkàntọkàn pé Jésù ru ìyá wa. Àwọn àgbà ìjọ kì í ṣì í gbọ́, nítorí wọ́n ti mọ ohun tí ìwé sọ. Ìwé ni wọ́n ń gbọ́, kì í ṣe orin.

Phillips kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe náà. Josiah Jesse Ransome-Kuti ti ń kọ orin ìbílẹ̀ fún ìjọsìn ṣáájú, ó sì gba orin rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. Ohun tí Phillips fi kún un ni ìlànà. Ìwé rẹ̀, Yoruba Music, jáde ní Johannesburg ní ọdún 1953, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì dá lórí bí ọ̀rọ̀ ẹnu àti orin ṣe para pọ̀ di ọ̀kan. Ó fi orin Yorùbá wé orin àtijọ́ tí àwọn ìjọ Yúróòpù ń kọ láìsí ohùn kejì. Èmi kò gba gbogbo ìfiwéra náà, nítorí orin ìjọsìn àtijọ́ ti Yúróòpù kò ní ohùn ọ̀rọ̀ láti tọ́jú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń wá níbẹ̀ yé mi: orin tí ó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀, tí kì í fa ọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ìṣòro kan ṣì wà tí ẹ̀kọ́ Lọ́ńdọ̀nù dá sílẹ̀. Bí a bá kọ orin fún ohùn mẹ́rin, ohùn òkè pátápátá lè sọ ọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n ìlànà òyìnbó fẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ máa sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ti òkè ń gòkè. Ọ̀run ni àwọn obìnrin ń kọ, ọrùn ni àwọn ọkùnrin ń fọhùn sí. Títí di òní, ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ orin Yorùbá fún ẹgbẹ́ akọrin gbọ́dọ̀ pinnu ohùn tí òun yóò jẹ́ kí ó ṣìnà.

Àwọn tí ó kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀. Fẹlá Ṣówándé, tí ó kọ Folk Symphony fún òmìnira Nàìjíríà ní ọdún 1960, wà lára wọn. Ọmọ Phillips, Charles Ọbáyọ̀mí, ni ó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1962. Bàbá fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1969.

Nínú ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa, a máa ń kọ́ ohùn gẹ́gẹ́ bí àmì orí fáwẹ̀lì, a sì ń fi orin sílẹ̀ fún àwọn atẹdùùrù. Síbẹ̀ orin ni àwọn tí a ń kọ́ yóò kọ́kọ́ fi kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mú orin ọmọdé kan tí wọ́n fi ohùn òyìnbó kọ, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orin ti pè é, pẹ̀lú àmì ohùn, láìwo ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́. Ẹ̀rín ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn náà wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í tún orin náà kọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì rí i pé kíkọ ẹsẹ kejì ni iṣẹ́ gan-an.