Arugbá, Odò Ọ̀ṣun àti Ìpara Mi

Ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo fẹ́ sọ, àmọ́ kì í ṣe fíìmù nìkan.

Ọmọ Iléṣà ni mí, Òṣogbo ni mo ti ń ta aṣọ. Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi, nítorí náà kí ẹni tó jẹ mí lówó má rò pé mo ti gbàgbé o. Mo dúdú bí kóró iṣin. Nígbà tí ọkọ mi fẹ́ ìyàwó pupa kan wọlé, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìpara. Ọdún mẹ́fà gbáko! Ojú mi di Fanta, oríkèé ọwọ́ mi kọ̀, ó ní Coca-Cola lòun. Bí oòrùn bá mú lọ́jà, ńṣe ló ń ta mí bí ata.

Ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé fíìmù Arugbá wálé, èyí tí Túndé Kèlání ṣe ní 2008. Adétutù, ọmọ yunifásítì tí Bùkọ́lá Awóyẹmí ṣe, ni yóò ru igbá ọdún. Ayé ń wò ó, wọ́n ń fi ẹnu tú u wò bóyá ó mọ́ tàbí kò mọ́. Ọmọ náà kò torí ẹnu wọn di ẹlòmíràn. Orin àti ijó inú rẹ̀ pọ̀ jù fún mi, ṣùgbọ́n n kò sùn lóru ọjọ́ náà.

Bí mo ṣe ní kó mú mi lọ sí ọdún Ọ̀ṣun ní August 2022 nìyẹn. Ogún ọdún ní Òṣogbo, n kò wọ igbó náà rí! Ọ̀bọ kan já ẹ̀pà gbà lọ́wọ́ mi, kò tilẹ̀ dúpẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í pa ẹran tàbí ẹja níbẹ̀. Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó ará Austria tó ń jẹ́ Susanne Wenger, wà lára àwọn tó lé ọdẹ àti agégi kúrò níbẹ̀, kó tó kú ní January 2009.

Àfi odò. Omi náà pọ́n bí ẹrẹ̀. Ọkùnrin kan ní iṣẹ́ àwọn awakùsà wúrà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni. Ojú tì mí, ilé wa ló ń pè yẹn! Ìjọba ìpínlẹ̀ ti kìlọ̀ lọ́dún náà pé kí èrò má mu ún, síbẹ̀ àwọn obìnrin ń bù ú sí kẹ́ẹ̀gì.

Ọmọ àbúrò mi wá wò mí lójú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n Màmá, mẹ́kúrì tí àwọn kan fi ń kó wúrà jọ láti inú yẹ̀pẹ̀, òun náà ló wà nínú àwọn ìpara abóra kan. Kì í jẹ́ kí ara ṣe dúdú rẹ̀, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́.” Mo délé, mo yẹ ike tèmi wò. Wọn ò kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é síbì kankan. Mo fẹ́ dà á sí gọ́tà, mo tún rántí pé odò náà ni gọ́tà ń lọ. Mo dì í mọ́ ọ̀rá, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta. Ojú mi ṣì dà bí àdìrẹ tí aró ò mú dáadáa. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan. Ìyàwó ló wọ yàrá mi wá lálẹ́ ọjọ́ kan, tó gbé ike kékeré kan sílẹ̀. Ó ní, “Ìyáálé mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sára èyí.”

Àṣé ìpara ni pupa tirẹ̀ náà!