A Lọ Wo Ọkọ̀ Òṣùpá ní Florida

Tíṣà tí ó ń kọ́ ọmọ nípa òṣùpá àti ìràwọ̀, tí kò sì ní ju ẹfun àti pátákó dúdú lọ, ojú a máa pọ́n ọn láti rí ibi tí wọ́n ti ń rán ọkọ̀ lọ sí òkè. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò ìyàwó mi tí ó ń gbé ní Orlando, ní Amẹ́ríkà, pè wá wá lo ìsinmi, ohun tí mo kọ́kọ́ bèèrè ni bí Kennedy Space Center ti jìnnà tó. Ó ní ìrìn nǹkan bí wákàtí kan ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó yá wa ní mọ́tò rẹ̀. Èmi, ìyàwó mi, ọmọbìnrin wa ẹni ọdún mẹ́wàá àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kọrí sí ìlà-oòrùn. Lójijì ọmọbìnrin mi ké láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá, ẹ ti kọjá ibi tí a ó ti yà o! Mo ka pátákó rẹ̀." Mo ní, "Ṣé ìwọ ni yóò fi ọ̀nà hàn mí? Jókòó jẹ́ẹ́!" Ó dákẹ́. Ìgbà tí a rí omi òkun níwájú wa ni mo tó mọ̀ pé òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Mo yí mọ́tò padà, n kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwòpadàsẹ́yìn ni ibẹ̀! Bí a ti wọlé ni a rí àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí wọ́n nàró bí igi àgbọn. Bọ́ọ̀sì gbé wa kọjá lẹ́bàá ilé tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ pọ̀, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 525, ó sì gbé wa dé ibi tí Saturn V wà. Irú rẹ̀ ni ó gbé Neil Armstrong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì lọ sí òṣùpá ní oṣù keje ọdún 1969. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ, gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 363. Wọ́n fi òkúta òṣùpá síbẹ̀ kí àlejò lè fọwọ́ kàn án. Ìyàwó mi fọwọ́ kàn án, ó ní ó jọ̀lọ̀ bí ọmọ ọlọ.

Mo sọ fún àwọn ọmọ pé ilẹ̀ wa náà ní ọwọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí John Glenn yí ayé ká ní ẹ̀ẹ̀mẹta ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1962, ọ̀kan nínú àwọn ibùdó tí ń bá a sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ wà ní Kánò. Inú wọn dùn púpọ̀.

Lẹ́yìn náà a wọ ilé tí wọ́n gbé Atlantis kọ́ sí, ọkọ̀ tí ó lọ tí ó sì bọ̀ ní ìgbà 33 kí ó tó ṣíwọ́ iṣẹ́ ní ọdún 2011. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, iyàrá kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í pariwo nínú rẹ̀. Àwókù ara Challenger àti ti Columbia ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ohun ìrántí àwọn ènìyàn 14 tí ó bá wọn lọ. Tíṣà bí èmi ni ọ̀kan nínú wọn, Christa McAuliffe, ẹni tí wọ́n yàn láàárín àwọn tíṣà tí ó ju 11,000 lọ láti lọ kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ láti òkè. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1986, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wò ó nínú télífíṣọ̀n. Kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 73 lọ tí Challenger fi fọ́ yángá lójú ọ̀run.

Kí ni ó fà á? Òrùka rọ́bà tí ó dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì ni òtútù mú le, iná sì rí ihò jáde. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú, àwọn ẹnjiníà tí ó mọ iṣẹ́ náà ti sọ pé kí wọ́n má rán an lọ, pé òtútù ti pọ̀ jù. Àwọn ọ̀gá kò gbà.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí, ọmọbìnrin mi bi mí pé, "Bàbá, ṣé wọn kò sọ ọ́ sókè tó ni?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Mo ní, "Wọ́n sọ ọ́, ọmọ mi. Àwọn ọ̀gá ni kò gbọ́. Ìwọ náà sọ fún mi láàárọ̀, n kò gbọ́. Má bínú." Ìyàwó mi yíjú wò mí, nítorí kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu mi rí.

Nígbà tí a ń padà, ọmọ náà ni ó jókòó tí ó ń ka pátákó fún mi, a kò sì ṣìnà. Ní kíláàsì mi pẹ̀lú, bí ọmọ kan bá nawọ́ pé ìṣirò orí pátákó kò pé, mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò ná kí n tó fèsì.

Ẹni tí ó bá ní ará ní Florida, kí ó lọ wo ibẹ̀. Kí ó jí lọ ní kùtùkùtù, nítorí ọjọ́ kan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe wo ọkọ̀ tí ó dé òṣùpá nìkan, kí ó wọ iyàrá ìsàlẹ̀ yẹn pẹ̀lú. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.